Sáfúrọ́ọ̀nù tí mo rà yìí, ṣé ojúlówó ni? Àti pé ṣé aláboyún lè máa mu ún?

IyaSeye_Catering (Ìkòròdú)

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ bá mi dá sí i kíákíá torí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ara ló pọ̀ mọ́ra. Oúnjẹ òde ni mo ń sè, Agric níbí ní Ìkòròdú ni mo wà. Kọ́sítọ́mà mi kan fẹ́ ṣe nikáì ọmọ ẹ̀, ó ní ká se jọ̀lọ́ọ̀fù, ká ro àmàlà fún àwọn àgbà bá a ṣe máa ń ṣe é, àmọ́ tó bá di tábìlì àwọn àna, ìrẹsì oní-sáfúrọ́ọ̀nù lòun fẹ́, irú èyí tóun jẹ nígbà tóun lọ sí Dubai. Bí 50 èèyàn ló máa jókòó síbẹ̀, ó sì ti sanwó ẹ̀ sílẹ̀.

Mo wá ra ike kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, okùn tín-ín-rín pupa pupa ló wà nínú ẹ̀, kò wọ́n rárá, àìwọ́n ẹ̀ gan-an ló jẹ́ kára máa fu mí torí gbogbo ibi tí mo ti ń kà á ni wọ́n ti ń sọ pé òun ló wọ́n jù nínú gbogbo nǹkan amóúnjẹ ta sánsán láyé. Ẹlòmíì tí mo tún bi léèrè lọ́jà gbé ìyẹ̀fun jáde fún mi, ó ní òun náà ni, pé wọ́n kàn ti bá wa lọ̀ ọ́ ni. Mi ò tíì ra ìyẹn.

Ìkejì, ìyàwó àbúrò mi ní oyún oṣù márùn-ún. Ẹni tó ta okùn yẹn kọ ọ́ sára ike ẹ̀ pé tí aláboyún bá ń fi mu mílíìkì lálaalẹ́ ọmọ ẹ̀ máa pupa wẹẹ, ó tún ní ó ń wo ìrònú, ó ń wo àìróorunsùn, ó ń wo ojú, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọbìnrin yẹn ti kà á, ó ní kí n bu díẹ̀ fóun. Mo ní kó ṣe sùúrù kí n kọ́kọ́ bèèrè ná. Ẹ dákun, báwo la ṣe ń mọ ojúlówó, èló ló máa tó 50 èèyàn, kí sì ni ká sọ fún aláboyún yìí?

Sefu_Ebute (Ìkòròdú)

Ẹ kú làálàá àǹtí. Ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, sáfúrọ́ọ̀nù kì í ṣe àjèjì sí mi, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú gíláàsì, kì í ṣe omi tó ń hó o, ẹ ju okùn mẹ́ta mẹ́rin sí i, kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ojúlówó, kò ní yára. Díẹ̀díẹ̀ ni yẹ́lò á máa jáde lára ẹ̀, ó lè tó ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí omi yẹn tó yẹ́lò dáadáa, okùn fúnra ẹ̀ á sì pupa síbẹ̀. Ayédèrú ò ní sùúrù, bó ṣe ń kan omi báyìí ló máa tú pupa bíi sóbò, okùn ẹ̀ á wá ṣì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, torí aró ni wọ́n rẹ ẹ́ sí. Tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì ra èyí tó ti rẹ yẹn, ojúlówó kì í ṣàdédé fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ tún wo bó ṣe rí ní gbígbẹ: orí ẹ̀ kan á fẹ̀ díẹ̀, ìdí ẹ̀ á tín-ín-rín. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló gún régérégé látòkè délẹ̀, tí gbogbo ẹ̀ ò yàtọ̀ síra, ẹ ṣọ́ra. Ẹ tọ́ ọ̀kan wò. Òórùn ẹ̀ máa ń dùn àmọ́ lẹ́nu ó máa ń korò díẹ̀, tó bá dùn lẹ́nu, wọ́n ti fi ṣúgà tàbí oyin sí i kó lè wúwo lórí ìwọ̀n.

Nǹkan tí wọ́n máa ń fi ṣe ayédèrú pọ̀. Irun àgbàdo tí wọ́n pa láró wà níbẹ̀, òdòdó míì tó ń jẹ́ safflower náà wà níbẹ̀, ìyẹn ò lè pa èèyàn lára o, àmọ́ kò ní adùn tàbí òórùn tẹ́ ẹ ń wá, wọ́n sì máa ń tà á ní ìwọ̀n ńlá lówó pọ́ọ́kú. Ìyẹ̀fun ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ sún mọ́ rárá torí ohunkóhun lè wà nínú ẹ̀, ata ilẹ̀ pupa (turmeric) ló sì máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ po sódà (baking soda) tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi, ẹ bu ìyẹ̀fun yẹn sí i: ata ilẹ̀ pupa máa di pupa rẹ́súrẹ́sú, ojúlówó sáfúrọ́ọ̀nù máa yẹ́lò ni.

Ìdí tó fi wọ́n rèé. Òdòdó kékeré aláwọ̀ elése àlùkò ni, okùn mẹ́ta péré ló ń wà nínú òdòdó kan. Kéèyàn tó rí kílò kan tó ti gbẹ, òdòdó tó máa já á tó 150,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń yọ okùn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló sì fi ń yọ òdòdó lọ́dún, lápá October sí November, ìdájí làwọn àgbẹ̀ ẹ̀ ń lọ oko kí oòrùn tó mú un rọ. Tí wọ́n bá tún wá sá a, ìwọ̀n ẹ̀ máa já wálẹ̀ gan-an, bíi kílò márùn-ún tútù ló ń di kílò kan. Ẹ wá bi ara yín pé iṣẹ́ tó tó báyìí, báwo ni ike kan ẹ̀ ṣe máa pọ́ọ́kú. Iran ni èyí tó pọ̀ jù láyé ti ń wá, pàápàá apá Khorasan, Kashmir ní Íńdíà náà ń gbìn ín, Spain ń gbìn ín ní La Mancha, Afghanistan ní Herat, Morocco náà ní Taliouine.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú ẹ̀ kì í sì ṣe tòní. Ní Nuremberg ní Jámánì, lọ́dún 1444, wọ́n dáná sun ọkùnrin kan tó ń ta ayédèrú, tòun ti ọjà ẹ̀. Mi ò ní ká dáná sun ẹnikẹ́ni o, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi nǹkan yìí rẹ́ èèyàn jẹ, kẹ́ ẹ má kánjú sanwó.

Alhaja_Igbogbo

Salaam alaikum o ẹ̀yin ọmọ mi, Ṣẹ́ẹ̀fù o káre, ọ̀rọ̀ ẹ dáa. Ìyá Ṣẹ̀yẹ, èyí tí mo mọ̀ ni pé nígbà tá a lọ Hájì, bí wọ́n ṣe ń tà á lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń kó o sínú ìgò kékeré tàbí agolo pẹlẹbẹ ni, gíráàmù gíráàmù ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, gíráàmù kan lèmi rà níjọ́ yẹn tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n gbé e fún mi mo wò ó pé ṣé gbogbo owó mi nìyí, àmọ́ nígbà tí mo délé tí mo ṣí i, gbogbo yàrá ló gbọ́ òórùn ẹ̀, mo wá mọ̀ pé owó mi ò ṣòfò. Àwọn Lárúbáwá máa ń fi sínú kọfí wọn, kọfí tó rí yẹ́lò yẹn tí wọ́n máa ń gbé fún àlejò pẹ̀lú dàbínù, wọ́n ń fi sínú kabsa náà, ìrẹsì wọn tó ní ẹran nínú. Díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i o, tó bá ti pọ̀ jù ó máa korò bí oògùn.

Ohun tí mo tún fẹ́ kí n sọ rèé, àwọn ààfáà wa náà máa ń lo sáfáránì, bí wọ́n ṣe ń pe sáfúrọ́ọ̀nù yìí, láti fi kọ nǹkan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ bá rí tí wọ́n ń tà fún kíkọ nǹkan, ẹ má gbé e sínú ìkòkò oúnjẹ o, torí aró lè wà nínú ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti kíkọ, ọ̀tọ̀ ni ti jíjẹ. Tẹ́ ẹ bá sì rí ojúlówó rà, ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ń gbà wọlé, ẹ fi sínú nǹkan tó dé dáadáa, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn ni, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ gáàsì.

Ti ọmọ pupa yẹn, mi ò mọ ìwé, àmọ́ mo bí ọmọ, mo sì gbẹ̀bí fún àwọn ọmọ mi, mi ò rí ibi tí mílíìkì ti ń kun ọmọ nínú rí. Kí nọ́ọ̀sì wá bá wa dá sí i.

Noosi_Agbadarigi

Ẹ kú ìkàlẹ̀ Alhaja, ẹ ṣeun màmá. Àǹtí Ìyá Ṣẹ̀yẹ, ẹ ṣe é gan-an tẹ́ ẹ ní kó ṣe sùúrù. Mo máa sọ̀rọ̀ gùn díẹ̀ torí ojoojúmọ́ là ń rí irú èyí ní sẹ́ńtà wa ní Àgbádárìgì níbí, ó sì máa ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àwọ̀ ọmọ. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún àwọ̀, láti ọjọ́ tí oyún ti dúró ni wọ́n ti pín in fún un. Kò sí mílíìkì, kò sí sáfúrọ́ọ̀nù, kò sí nǹkan mímu kankan tó lè dé inú ilé ọmọ lọ yí i padà. Ní Íńdíà náà, ìgbàgbọ́ yìí wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ibẹ̀ làwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti gbé e wá bá wa. Kí ìyàwó wa jẹ́ kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀, tí ọmọ bá dúdú, adúmáadán ni, tó bá pupa, ẹ̀jẹ̀ wọn náà ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹni tó bá ti gba èyí gbọ́ lónìí, tí ọmọ bá dé tí kò pupa, ìpara ló kàn. Mo sì ti rí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fi ìpara bó lára. Ẹ jọ̀ọ́.

Ní ti oyún fúnra ẹ̀: okùn díẹ̀ tó wà nínú ìrẹsì tí gbogbo ilé jẹ, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ìgbà téèyàn bá wá ń mu ún bí oògùn, lálaalẹ́, tàbí tó ń gbé kápúsù ẹ̀ mì, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Tó bá pọ̀, ó lè mú kí ilé ọmọ máa sún kì, láyé àtijọ́ àwọn kan tiẹ̀ ń lò ó láti fi ba oyún jẹ́ ni. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ lò ó bí oògùn. Ẹ má bu ìkankan fún un nínú ike yẹn, pàápàá báyìí tí a ò tiẹ̀ mọ irú aró tó wà nínú ẹ̀.

Fún ẹni tí kò lóyún ńkọ́? Mi ò ní sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn dókítà ní Tehran ti yẹ̀ ẹ́ wò látìgbà bí 20 ọdún sẹ́yìn, wọ́n fún àwọn tí ìrònú tó le díẹ̀ ń bá jà ní 30 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ara wọn sì yá ju tàwọn tí wọ́n fún ní kápúsù tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Wọ́n tún ti dán an wò fún ojú tó ń ṣú lọ́jọ́ ogbó, èyí náà ní àbájáde tó ṣe é gbọ́. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀, àwọn èèyàn tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò nígbà kọ̀ọ̀kan ò pọ̀, nǹkan tí wọ́n fún wọn sì jẹ́ ojúlówó tí wọ́n wọ̀n lọ́nà tó péye, kì í ṣe ohun tẹ́nì kan bù sínú ike ní yàrá ẹ̀. 30 mílígíráàmù yẹn kéré débi pé gíráàmù kan máa ṣe é fún ohun tó lé lóṣù kan. Ẹni tó bá wá lọ kó gíráàmù márùn-ún jẹ lẹ́ẹ̀kan, májèlé ló jẹ yẹn: èébì, òòyì, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya, ó lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi wáfárínì, tàbí tó ti ń lo oògùn ìrònú, tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má fi kápúsù sáfúrọ́ọ̀nù kún un láìsọ fún dókítà, torí wọ́n lè ti ara wọn lẹ́yìn kó wá pọ̀ lápọ̀jù. Kò sì sí ẹni tó yẹ kó fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ sílẹ̀ torí pé wọ́n kọ nǹkan sára ike.

OmoEpe_Agbe

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara o. Ọ̀gá Ṣẹ́ẹ̀fù, mo ń ka owó tí wọ́n ń tà á, ilẹ̀ wà níbí ní Ẹ̀pẹ́, omi wà, ṣé èèyàn ò lè gbìn ín ni? Ibo ni wọ́n ti ń ta irúgbìn ẹ̀?

Sefu_Ebute (Ìkòròdú)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ná owó yín sí i. Kò ní irúgbìn rárá, ìṣù kékeré abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń pín gbìn. Ìṣù yẹn fẹ́ ẹ̀rùn tó gbóná tó gbẹ, tí òjò ò ní dé ibẹ̀ fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà kí òtútù wá dé, òtútù yẹn ló ń pe òdòdó jáde. Ẹ̀pẹ́ wá rèé, òjò oṣù June àti July nìkan ti tó láti jẹrà á sínú ilẹ̀, òtútù tó ń fẹ́ ò sì sí lọ́dọ̀ wa. Ata ilẹ̀ àti ata ilẹ̀ pupa gan-an ni ilẹ̀ yín fẹ́ràn, ẹ gbin ìyẹn, àwa alásè máa rà á lọ́wọ́ yín, mo fi dá yín lójú.

IyaSeye_Catering (Ìkòròdú)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bá mi san oore fún gbogbo yín. Mo dán ti omi yẹn wò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí mo kà á. Kò dúró rárá, bó ṣe wọnú omi ló ti pupa fòò, kí n tó fi ọwọ́ nu ara mi okùn yẹn ti funfun. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á, mo ní kó dá owó mi padà. Mo sì ti pe kọ́sítọ́mà, mo ṣàlàyé fún un pé mi ò ní fi ata ilẹ̀ pupa se é kí n wá máa pè é ní sáfúrọ́ọ̀nù fún àwọn àna ẹ̀, ó ní òun mọyì ẹ̀, àbúrò òun ń bọ̀ láti Dubai ṣáájú ọjọ́ nikáì, ó máa bá wa mú ojúlówó bọ̀. Ó ku ká mọ bí wọ́n ṣe ń sè é báyìí. Èló ni kó rà, ṣé inú òróró ni mo máa dà á sí bá a ṣe ń ṣe kọrí?

AgbonAgbadarigi

Kẹ́ ẹ tó dáhùn Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ bá mi fi tèmi kún un, ṣé ó lè wọnú ìrẹsì alágbọn? Àgbọn ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Sefu_Ebute (Ìkòròdú)

Àǹtí, gíráàmù kan tó 50 èèyàn, kó mú gíráàmù méjì bọ̀ kí ọkàn yín balẹ̀. Kó má rà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe inú òróró o. Omi ni àwọ̀ sáfúrọ́ọ̀nù ń yọ́ sí, tẹ́ ẹ bá dà á sínú òróró gbígbóná, ẹ máa kàn dín owó yín ni. Ẹ dà á sínú odó kékeré tó gbẹ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ tàbí ṣúgà, ẹ gún un kúnná, iyọ̀ yẹn ló máa bá yín fọ́ ọ. Ẹ wá bu omi gbígbóná tó ti rọlẹ̀ díẹ̀ sí i, bí ife kan, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Àwọn míì máa ń fi mọ́jú, ó dáa náà.

Ìrẹsì basmati ni kẹ́ ẹ fi sè é, èyí tá a ń fi se jọ̀lọ́ọ̀fù máa fún un pa. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, ẹ rẹ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 30. Alùbọ́sà, iyọ̀, bọ́tà díẹ̀, omi ẹran adìyẹ tí kò ní àwọ̀, ó ti tó. Kọrí ò wọ ibẹ̀, táìmù ò wọ ibẹ̀, ata gígún ò wọ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi Maggi bò ó mọ́lẹ̀, torí òórùn sáfúrọ́ọ̀nù kò lágbára láti bá wọn jà. Bí ìrẹsì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, tí omi ti fà, ẹ da omi sáfúrọ́ọ̀nù yẹn lé e lórí ní ibì kan ibì kan, kẹ́ ẹ dín iná kù pátápátá, ẹ fi aṣọ mímọ́ di ìdérí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má rò ó pọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fi ṣíbí pẹlẹbẹ tú u, ẹ máa rí funfun, ẹ máa rí yẹ́lò, bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí tábìlì ní Iran àti Íńdíà nìyẹn, ó sì tún máa bá yín ṣọ́ owó torí kì í ṣe gbogbo ìrẹsì lẹ ní láti kùn. Ẹ kọ́kọ́ se kọ́ńgò kékeré kan nílé kọ́jọ́ tó pé.

Ará Àgbádárìgì, ó lè wọ ìrẹsì alágbọn, àmọ́ ẹ fi omi la omi àgbọn yẹn dáadáa, ìfúnkejì ni kẹ́ ẹ fi sè é, kì í ṣe ìfúnàkọ́kọ́ tó ki. Ẹ má lo edé. Edé máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

IyaSeye_Catering (Ìkòròdú)

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé mi. Nọ́ọ̀sì, mo ka tiyín sétí ìyàwó wa, ó gbà, ó ní kì í ṣe torí ọmọ pupa nìkan, pé òun kì í rí oorun sùn lóru ni, orí sì máa ń fọ́ òun. Kí ló lè ṣe?

Noosi_Agbadarigi

Àǹtí, èyí tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yìí gan-an ló jẹ mí lọ́kàn jù. Aláboyún tó ti lé lóṣù márùn-ún tí orí ń fọ́, kó má dúró de ọjọ́ antenatal, kó lọ lọ́la kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò. Tí ojú ẹ̀ bá tún ń ṣú, tàbí ojú àti ọwọ́ ẹ̀ wú lójijì, tàbí òkè inú ń dùn ún, ẹ má dúró dọ̀la, ẹ gbé e lọ lóru náà. Tí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dáa, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kó fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún, kó dín tíì àti kóòkì kù ní ìrọ̀lẹ́, kó sì máa lo oògùn tó ń fún aláboyún lẹ́jẹ̀ tí wọ́n fún un déédéé. Mílíìkì lásán tó bá wù ú kó mu ún.